Ẹ̀rí Tí Ọwọ́ Mi Yóò Jẹ́

Nínú Rámádánì tó kọjá, ní ìrun Àsùbáà, mo forí kanlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi sì kọ̀ láti gbà mí dúró.

Eegun méje ni wọ́n kọ́ wa ní ilé-kéú pé kí a máa fi kan ilẹ̀ bí a bá forí kanlẹ̀: iwájú orí pẹ̀lú imú, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, eékún méjèèjì, àti ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Láti ọmọ ọdún 7 ni mo ti ń kírun, mo sì ti pé ọdún 49 báyìí. N kò ronú kan ọ̀kankan nínú méje náà rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ tí ara mi wúwo lé e, ìrora kan gba ọrùn ọwọ́ mi kọjá lọ sí igunpá, bí ẹni fi irin gbígbóná fà á. Mo yí ọwọ́ náà padà, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Kò gbà. Mo gbé e sókè pátápátá, mo fi ọwọ́ kan parí ìrun. Nígbà tí mo fẹ́ ka tẹ̀súbáà, àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ti kú tipiri. Mo ń fa ìlẹ̀kẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹyọ kan ni mo fà tàbí méjì. Mo jókòó sórí ẹní, mo sunkún. Ìrora náà kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti fi ọwọ́ yìí ṣe iṣẹ́ àwọn ènìyàn tán, èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ni mo wá ń gbé wá síwájú Ọlọ́hun.

Iṣẹ́ títẹ ìwé Yorùbá àti títún un ṣe ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Òǹkọ̀wé yóò kọ ìwé rẹ̀ láìfi àmì sí i, tàbí kí ó fi í síbi tí kò yẹ, wọn yóò wá gbé e fún mi pé kí n bá àwọn fi àmì ohùn sí i. Ẹni tí kò ṣe é rí kò lè mọ iye ìgbà tí ọwọ́ ń lọ tó ń bọ̀ lórí ojúewé kan. Lẹ́tà bí ẹ́ tàbí ọ̀, tó ní àmì lókè tó tún ní òmíràn lábẹ́, kò sí nínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo títí di òní. Ńṣe ni a ń so àmì mọ́ ọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún mi. Máòsì ni mo fi ń ṣí ibi tí wọ́n kó àmì pamọ́ sí, n ó wá a, n ó tẹ̀ ẹ́, n ó padà. “Ọ̀rọ̀” nìkan lè gba ìtẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù tó dára fi dé, máòsì ti mọ́ mi lára débi pé òun ni mo ṣì ń fà kiri láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ẹni tó fẹ́ ìyá mi, ohun tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè, àti igi tí bàbá mi fi ń ju owú kọjá nínú òfì. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n. Àmì tí kò tó ẹsẹ̀ eṣinṣin ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ jókòó kí ó fi í sí i.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, ìdí òfì ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ẹni tó bá ti dé Ìṣẹ́yìn rí yóò ti gbọ́ ìró òfì kí ó tó rí ẹni tó ń hun ún. Owú yóò nà gbọọrọ síwájú ahunṣọ, òkúta yóò wà ní ìparí rẹ̀ kí ó má baà dẹ̀. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ju ọkọ̀, ọwọ́ òsì gbà á, òsì jù ú padà. Nǹkan bí ogójì ọdún ni bàbá mi fi ṣe èyí. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọn kò lè ká ìka ọwọ́ ọ̀tún kó mọ́. Ìyá mi ló ń bá wọn di okùn ṣòkòtò. Bí a bá ní kí wọ́n sinmi, wọn yóò ní: “Iṣẹ́ tí kò bá dun ara rẹ, ẹlòmíràn ló bá ọ ṣe é.” Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ ni, èmi náà sì gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí mi lóru, tó ń ta mí bí ìgbà tí ìjàlọ bá ń gba abẹ́ awọ kọjá, inú mi dùn díẹ̀. Mo rò pé mo ti di ọmọ bàbá mi tòótọ́.

Dókítà tí mo wá lọ rí kò fi ojú yẹn wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó ní, “Mà, ẹ kọ ẹ̀yìn ọwọ́ yín méjèèjì síra wọn, kí ìka dorí kodò, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.” Kò tíì tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú tí ìka mẹ́ta fi kú. Ó ya àwòrán fún mi sẹ́yìn ìwé kan. Eegun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́, wọ́n tẹ̀ kòtò bí ọpọ́n. Iṣan pẹlẹbẹ líle kan bo ojú rẹ̀ bí òrùlé. Inú ihò tóóró tó wà láàárín ni iṣan mẹ́sàn-án tó ń ká ìka ń gbà, pẹ̀lú okùn ìmọ̀lára kan ṣoṣo. Bí àwọn iṣan bá wú, tàbí bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ pẹ́, okùn kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ń fún mọ́lẹ̀. Òun ló ń fún àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka ní ìmọ̀. Ọmọńdinrín kò sí lára wọn. Ó yé mi ìdí tí ọmọńdinrín mi fi máa ń wà láàyè lóru nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti kú.

Ó béèrè iṣẹ́ ilé náà lọ́wọ́ mi: aṣọ tí mo ń fún, iyán tí mo ń gún. Ó ní àrùn náà wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ó fún mi ní ìdè tí n ó máa fi de ọrùn ọwọ́ sùn kí ó má baà tẹ̀, ó ní kí n dín iṣẹ́ kù, kí n máa dìde láàárín wákàtí, kí n sì pààrọ̀ máòsì mi sí èyí tó dúró.

Ọ̀rọ̀ máòsì tó dúró yìí gba àlàyé. Ní 1964, Bill English fi igi gbẹ́ máòsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwádìí kan ní Kalifọ́níà, gẹ́gẹ́ bí Douglas Engelbart ṣe rò ó. Àpótí kékeré tí a ń da àtẹ́lẹwọ́ dé ni. Engelbart fi í han àwùjọ ní San Francisco ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, 1968, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa sì ń da àtẹ́lẹwọ́ dé e títí di òní. Eegun méjì ló wà láti igunpá dé ọrùn ọwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú sí ara ẹni, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí a bá dà á dé, ọ̀kan á gun èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ń gun eegun lé eegun ní gbogbo ọjọ́. Máòsì tí dókítà ń sọ ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òkìtì kékeré. A óò gbá a mú bí ìgbà tí a bá bọ ènìyàn lọ́wọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ̀ tí n kò rà á. Owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ìrọ̀rùn ń tì mí lójú. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ lọ rà á, mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi. Ohun tó kọ́kọ́ mì mí jìgì ni ọjọ́ tí àwọn onídùndún wá síbi ìgbéyàwó kan ní àdúgbò wa, tí mo sì tẹjú mọ́ kọ̀ǹgọ́ ọwọ́ wọn. Ó tẹ̀. Ó tẹ̀ débi pé orí rẹ̀ lè na awọ ìlù láìjẹ́ pé ọrùn ọwọ́ onílù ṣẹ́ po. Ẹnìkan ló jókòó nígbà kan tó tẹ igi yẹn, tó ro ti ọwọ́ tí yóò lò ó mọ́ ọn. Ta ni yóò pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ?

Ọ̀dọ̀ Ààfáà ni mo tún lọ, nítorí ìrun tí mo fi ọwọ́ kan kí. Wọ́n ní, “Ìyá Ṣàkírù, ìwọ̀n tí ẹ bá lè gbé kalẹ̀ ni kí ẹ gbé kalẹ̀.” Wọ́n wá sọ ìtàn Imran ọmọ Husayn fún mi, ọmọlẹ́yìn Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ Imran lẹ́nu, ó sì béèrè bí òun yóò ṣe máa kírun. Ìdáhùn tó gbà ni pé kí ó dúró kí i. Bí kò bá lè dúró, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo ti ń gbọ́ wáàsí láti kékeré, n kò gbọ́ pé ẹnìkan gbé jẹ̀díjẹ̀dí lọ síwájú Ànábì rí, tí wọ́n sì dá a lóhùn bí ẹni tó béèrè ohun ńlá. Wọ́n tún sọ ti Abdullah ọmọ Amr, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń fi gbogbo òru kírun. Ànábì kò yìn ín. Ó jẹ́ kó mọ̀ pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀tọ́.

Ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé. A máa ń sọ pé “ọwọ́ mi” bí a ṣe ń sọ pé “aago mi” tàbí “ṣíbí mi”, bí ẹni pé a rà á lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ara bá ní ẹ̀tọ́ lórí mi, a jẹ́ pé òun àti èmi jọ ní olówó kan ni. Ẹran àgbàsìn ni mo fi ń wé e. Ìyá ìyá mi ní ewúrẹ́ àgbàsìn nígbà kan. Wọ́n á fún un ní èèpo iṣu kí wọ́n tó fún ewúrẹ́ tiwọn, nítorí wọ́n ní ọjọ́ kan ni ẹni tó ni ín yóò wọlé láìsọtẹ́lẹ̀, yóò sì wo ìhà rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń ka súrà Yáásíìn ló mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò dí ẹnu, tí ọwọ́ yóò sọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ yóò jẹ́rìí. Ní kékeré wa, wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá pé ọwọ́ tó bá mú ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ yóò jẹ́wọ́. Èmi kò bẹ̀rù ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ mọ́, torí ọwọ́ mi kò jalè, kò yí ìwé ẹnikẹ́ni, àmì ló ń fi sórí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti de ìdè mọ́ ọn tí mo sì ń wò ó lórí ìrọ̀rí, èrò kan wọlé, kò sì tíì jáde. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n bá pè dìde, ṣé ohun tó rí nìkan ni yóò sọ? Kò ní sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí? Bí ọwọ́ mi bá ṣàlàyé ohun tí mo fi í ṣe, ta ló ní kò ní ṣàlàyé ohun tí mo ṣe sí i?

Yóò ní: mo sọ fún un lóru, ó gbọ̀n mí jìgìjìgì, ó padà sùn. Mo sọ fún un lọ́sàn-án, ó fi róòbù pa mí, ó ní ká máa bá a lọ. Mo jẹ́ kí ife já bọ́, èmi ló bú. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Tèmi kò tàn mí. Èmi ni mo ń tàn án, tí mo ń sọ fún un ní alaalẹ́ pé ojúewé mẹ́wàá péré ló kù.

N kò sọ pé kí a máa sá fún gbogbo ohun tó bá nira. Mo ti rọbí ọmọ mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé ìrora kan wà tí ìyè wà nínú rẹ̀. Ààwẹ̀ nira, sùúrù jẹ́ ìjọsìn. Ohun tí mo wá ń bi ara mi ni pé: ìrora tèmi yìí, ta ni mo fi ń jọ́sìn fún? Nígbà tí mo wo ọkàn mi dáadáa, Ọlọ́hun kọ́. Ẹni tó ń gbéṣẹ́ fún mi nígbà náà, ojúewé ló ń san owó lé lórí, kì í san owó lé ọwọ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọwọ́ ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu, ó ní kí n fi òsì ṣe é.

Mo sì fẹ́ fi òsì ṣe é lóòótọ́. Ìtàn kan ló dá mi dúró. Ní 1700, ní ìlú Modena ní Ìtálì, dókítà kan tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn àrùn tí iṣẹ́ ń dá sí ènìyàn lára. Òun ló ní kí dókítà máa fi ìbéèrè kan kún èyí tó ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Lórí àwọn akọ̀wé, ó ní ohun mẹ́ta ló ń bá wọn jà: ìjókòó gbére, ọwọ́ tó ń lọ sí ọ̀nà kan náà láìdáwọ́dúró, àti ọkàn tó ń ṣọ́ra kí ó má baà ṣàṣìṣe. Bí mo ṣe kà á, mo wo yàrá mi yíká. Ramazzini mọ akọ̀wé kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ pátápátá nítorí ìwé kíkọ. Ọkùnrin náà kọ́ bí a ṣe ń fi òsì kọ̀wé. Kò pẹ́ tí àìsàn kan náà fi mú òsì.

Òsì, tí a kì í fi jẹun, tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, tí a kó iṣẹ́ ẹlẹ́gbin fún láti ọjọ́ tí a ti bí wa: ọjọ́ tí ọ̀tún bàjẹ́ ni a tó ń rántí pé òun náà mọ iṣẹ́. Ìwà yẹn kò dára, mo sì rí i pé ó lè kọjá ara mi. Ọmọbìnrin kan ń bá mi tẹ̀wé, ọmọ ọdún 23. Ohun tó rọrùn jù fún mi ni kí n kó gbogbo ìtẹ̀ yìí lé e lọ́wọ́, kí n máa jókòó ka ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di apá òsì akọ̀wé ará Ìtálì yẹn. Ìyá rẹ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́. Àgbàsìn lòun náà.

Máòsì méjì ni mo rà.

Mo dá wákàtí iṣẹ́ dúró sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo sì yọ ara mi kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń san owó ojúewé. Owó dínkù, n kò ní fi pamọ́. Mo sì mọ̀ pé obìnrin tó ń dín gààrí láti òwúrọ̀ kò ní máòsì kankan tí yóò lọ rà. Nígbàkígbà tí mo bá ra gààrí báyìí, ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ni mo kọ́kọ́ ń wò.

N kò ní pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí ohun tí máòsì yìí ṣe. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 wọn ìfúnpá inú ihò ọrùn ọwọ́ lára àwọn tó ní àrùn yìí; máòsì tó dúró yí ipò ọwọ́ wọn padà, ṣùgbọ́n kò dín ìfúnpá náà kù. Lára tèmi, ìrora tó ń gun igunpá ti lọ, apá mi kì í sì í le gan-an ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ìka kíkú lóru ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdè àti ìsinmi ló ń lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń ṣìnà lórí tábìlì bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Mo ní láti máa dúró dè é. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀wé, n kò dúró de ọwọ́ mi rí.

Wọ́n gbà á wá nínú hàdíìsì pé bí Mùsùlùmí méjì bá pàdé, tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, a óò ti foríjì wọ́n kí wọ́n tó pínyà. Ike ni máòsì, mo mọ̀. Síbẹ̀ ní òwúrọ̀ bí mo bá na ọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ àforíjì ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n sì ti kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín àwa àti Ọlọ́hun, Ọlọ́hun ni a ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí a bá ṣẹ ẹ̀dá ẹgbẹ́ wa, àfi kí ẹni tí a ṣẹ̀ kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Mo bi Ààfáà pé: ọwọ́ mi ńkọ́? Èwo ló bọ́ sí nínú méjèèjì? Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò wo ìwé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní àwọn kò tíì rí i, ṣùgbọ́n kí n má ṣe dúró de àwọn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ òfì bàbá mi kan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún nígbà tí a pín ogún. Ó wà lórí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máòsì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ níbi tí àtàǹpàkò wọn ń wà. Bí mo bá fi tèmi sí i, ó bọ́ síbẹ̀ wẹ́kú. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìṣẹ́yìn. Mo bi wọ́n ní ohun tí n kò bi wọ́n rí láti ọjọ́ ìsìnkú: nígbà tí ẹ wẹ Bàbá, báwo ni ọwọ́ wọn ṣe rí? Bùọ̀dá mi kò fèsì kíákíá. Wọ́n ní ọ̀tún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí òfin ṣe wí. Wọ́n ní nígbà tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kàn án, ìka tí kò ká láti ọdún yìí wá, ńṣe ló rọ̀, ó ká mọ́ ọwọ́ àwọn wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní àwọn dì í mú bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí a bá bọ ènìyàn lọ́wọ́, títí Ààfáà tó ń da omi fi ní ó tó, kí àwọn kọjá sí òsì.